Ọ̀rọ̀ Tí Shuaib Fi Ń Pe Òdo

Fàúsát ti kórìíra ohùn ọkùnrin náà kó tó rí ojú rẹ̀.

Ọjọ́ Sátidé ni, nínú gbọ̀ngàn iléeṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe abọ́ ike ní òpópónà Ọba Àkrán. Àwọn òṣìṣẹ́ láti oríṣiríṣi iléeṣẹ́, láti Ìkẹjà títí dé Agége, ló wá bára wọn díje. Wọ́n ti kó ike sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, wọ́n gbé tábìlì aláwọ̀ ewé sáàárín. Ẹyin orí tábìlì, ìyẹn tẹníìsì orí tábìlì, ni Fàúsát ń gbá. Ẹyin funfun kékeré náà ń lọ, ó ń bọ̀, òógùn ń sàn lábẹ́ ìborùn rẹ̀, ó sì ti gba àmì márùn-ún lọ́wọ́ ọmọbìnrin iléeṣẹ́ bisikíìtì kan tí kò tíì rí ẹyọ kan gbà.

“Fàúsát márùn-ún,” ni ohùn náà wí nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn. “Ẹnì kejì ńkọ́? Àgàn ni o. Kò tíì bí ẹyọ kan.”

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin náà fẹ́ bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà ò dé ojú rẹ̀. Fàúsát tún gbá ẹyin, ó tún wọlé.

“Mẹ́fà sí àgàn.”

Fàúsát gbé báàtì rẹ̀ lé ẹyin lórí tábìlì, ó kọjá láàárín èrò, ó lọ síbi tí ohùn náà ti ń wá. Ọkùnrin gíga kan ló bá níbẹ̀, tó wọ ẹ̀wù búlúù, tó ti fìlà sẹ́yìn orí. Ó rí i tó ń bọ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó rò pé ó wá kí òun ni.

“Ta lẹ pè ní àgàn?”

Ọkùnrin náà gbé ẹ̀rọ kúrò lẹ́nu. “Ẹ má bínú, àǹtí. Àwàdà ni. Òdo ni mo fi ń pè bẹ́ẹ̀.”

“Tí àwọn ọkùnrin bá ń gbá bọ́ọ̀lù, tí ẹ̀gbẹ́ kan ò jẹ ayò kankan, kí lẹ ń pè é?”

“Òdo.”

“Tí obìnrin bá wá ń gbá tiẹ̀, ẹ ò mọ òdo mọ́. Inú ẹ̀ lẹ máa kọ́kọ́ wò.”

Rẹfirí ti ń pariwo pé kí Fàúsát padà sídìí tábìlì. Nígbà tó débẹ̀, rẹfirí ní òun fún ẹnì kejì rẹ̀ ní àmì kan nítorí pé ó fi eré sílẹ̀. Ohùn náà tún jáde, ṣùgbọ́n kò ṣe àwàdà mọ́.

“Fàúsát mẹ́fà. Olúwakóredé ọ̀kan.”

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnikẹ́ni máa dárúkọ ọmọbìnrin iléeṣẹ́ bisikíìtì náà.

Nígbà tí eré parí, ọkùnrin náà ti ń dúró ní géètì. Ó ní Shuaib lorúkọ òun, pé òun wá tọrọ àforíjì.

“Kì í ṣe lọ́wọ́ mi. Ọmọ yẹn lẹ máa tọrọ ẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀.”

“Mo ti bá a sọ̀rọ̀. Òun ló ní kí n wá bá yín. Ẹ̀yin lẹ kúkú ń borí. Kí ló dé tó dùn yín tó bẹ́ẹ̀?”

Fàúsát wojú rẹ̀ bóyá ó fẹ́ fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Kò rí i bẹ́ẹ̀, ló bá sọ ọ́ fún un. Ó ti lọ sílé ọkọ rí ní Ọ̀tà. Oyún ò dé. Àwọn ará ilé ọkọ fi ọ̀rọ̀ yẹn pè é títí ó fi fẹ́ di orúkọ rẹ̀ ládùúgbò, wọ́n wá ránṣẹ́ sí bàbá rẹ̀ pé kó wá mú ọmọ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ pé kí ọkọ náà lọ rí dókítà.

Shuaib ò ṣàdúà, kò sì ṣe bí ẹni tí àánú ń ṣe. Ó kàn ní, “Wọ́n hùwà ìkà sí yín.”

Ó pẹ́ tí Fàúsát ti ń dúró de ẹni tó máa sọ bẹ́ẹ̀.

Bí Shuaib ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá nìyẹn. Ilé rédíò kan ní Ìkẹjà ló ti ń ka ìròyìn eré ìdárayá lédè Yorùbá. Bó bá ti kúrò níbẹ̀, á wá jókòó síwájú ilé bàbá Fàúsát nítòsí ojú irin Agége, àwọn méjèèjì á máa wá ọ̀rọ̀ tó yẹ kó máa lò.

“Ìjàkadì ńkọ́?” ni Fàúsát bi í.

“Ìyẹn ò ní wàhálà. Ẹni tí ẹ̀yìn ẹ̀ bá kanlẹ̀ ti lulẹ̀.”

“Mo fẹ́ràn ìyẹn. Kò sí àsọdùn níbẹ̀.”

“Àmọ́ nínú ẹyin orí ọ̀dàn, ìyẹn tẹníìsì orí pápá, àmì àkọ́kọ́ ni mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, èkejì ọgbọ̀n, ẹ̀kẹta ogójì.”

“Ogójì báwo? Márùn-ún tó kù dà? Ta ló jí i?”

Shuaib rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. “Àwọn Òyìnbó ló jí i, olólùfẹ́ mi. O mọ ohun tí wọ́n tún ń pe òdo nínú eré yẹn? Ìfẹ́.”

“Wọ́n kúkú ṣeun jù ẹ́ lọ. Ta ló sì ní kó o máa pè mí ní olólùfẹ́?”

“Bí àwọn méjì bá jẹ iye kan náà,” ni bàbá Fàúsát dá sí i látojú fèrèsé, “ọ̀mì ni. Kò sí ọ̀ta tó borí, kò sí òpè tó pàdánù. Ó ti yá kẹ́ ẹ bi ara yín ní nǹkan mìíràn.”

Ojú ti àwọn méjèèjì. Kò pẹ́ sígbà náà tí Shuaib fi mú un lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Òrílé Agége.

Ìyá náà gbà á dáadáa. Ó bu ìrẹsì àti ẹja fún un, ó ń pè é ní ọmọ mi. Ìgbà tí wọ́n jẹun tán ló tó jókòó gidi.

“Mo gbọ́ pé o ti wà nílé ọkọ rí.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

“O ò sì bímọ níbẹ̀.”

“Mi ò bí, mà.”

“Ó dáa. Lọ sí ọsibítù kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Mú èsì ẹ̀ wá fún mi ká tó sọ̀rọ̀ ìyàwó. Èèyàn kì í ra ọjà láìyẹ̀ ẹ́ wò.”

Fàúsát yíjú sí Shuaib. Ó ń wo abọ́ tó ti jẹ tán. Fàúsát dúró dè é títí. Kò sọ nǹkan kan.

Ó dìde, ó kúnlẹ̀ kí ìyá náà, ó jáde. Shuaib lé e bá lójú títì.

“Fàúsát, jọ̀ọ́. Màmá mi ni. Kí ni mo fẹ́ sọ?”

“Ìwọ tó ń bá gbogbo Èkó sọ̀rọ̀? Wọ́n fi mí wé ọjà níwájú ẹ, o dákẹ́. Ìkà ni wọ́n nílé tí mo ti kúrò, àmọ́ wọn ò pe ara wọn ní olólùfẹ́ mi.”

Fàúsát ò gbé ìpè Shuaib mọ́ láti ọjọ́ náà. Bí ohùn rẹ̀ bá jáde lórí rédíò níbi iṣẹ́, Fàúsát á dìde, á pa á, kò sì sẹ́ni tó jẹ́ bi í léèrè. Ìbínú náà ò jẹ́ kó sunkún. Ó ń bínú sí ìyá, ó ń bínú sí ọmọ, ó sì ń bínú sí ara rẹ̀ pé òun ṣì ń fetí sílẹ̀ kóun tó pa á.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, lẹ́yìn ìrun Ásárì, ìyá Shuaib fúnra rẹ̀ wá. Bàbá Fàúsát fún un ní àga.

“Shuaib ò jẹun nílé mi mọ́,” ni ìyá náà wí. “Ó lọ ṣe àyẹ̀wò tiẹ̀, ó gbé èsì ẹ̀ lé mi lẹ́sẹ̀ láìṣí i. Ó ní kí n wò ó bóyá òun ṣeé rà. Mi ò lè ṣí i.” Ó wolẹ̀. “Èmi náà pẹ́ kí n tó bí i. Ìyá ọkọ mi kì í jẹ oúnjẹ tí mo bá sè.”

Fàúsát kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ò kúnlẹ̀.

“Ẹ mọ bó ṣe ń dunni, mà?”

“Mo mọ̀ ọ́n.”

“Ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ wá ṣe é fún mi? Ẹni tí ò jẹ irú ìyà yẹn rí ni mo rò pé ó lè fi jẹ ẹlòmíì.”

“Fàúsát,” ni bàbá rẹ̀ wí.

“Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ tán, bàbá. Mi ò ní gbé èsì kankan wá fún ẹnikẹ́ni. Èèyàn ni mí.”

“O ò purọ́,” ni ìyá náà wí. “Ẹnu ayé ló bà mí lẹ́rù, mo wá di ẹnu ayé. Má bínú sí mi.”

Lọ́jọ́ kejì, Shuaib dúró ní géètì iléeṣẹ́ tí Fàúsát ti ń ṣiṣẹ́ títí wọ́n fi ṣíwọ́. Fàúsát ò jẹ́ kó kí òun tán.

“Tí kò bá sí ọmọ ńkọ́? Má fi àdúà dá mi lóhùn.”

Shuaib ronú. “A jọ máa jẹun. A jọ máa jà lórí ogójì. Tó bá wù wá, a lè gba ọmọ tọ́. Ẹni tó bá sì sọ̀rọ̀ sí ẹ, yálà màmá mi ni tàbí ẹlòmíì, èmi ni mo máa kọ́kọ́ dá a lóhùn.”

“Kí ló dé tó ò mọ ìyẹn lọ́jọ́ yẹn?”

“Mo gọ̀.”

“O gọ̀ gan-an.” Ó bọ́ báàgì rẹ̀ léjìká, ó gbé e fún un pé kó bá òun gbé e. Wọ́n jọ gba ọ̀nà Agége lọ.

Ní mọ́ṣáláṣí àdúgbò ni wọ́n ti so yìgì wọn, láàárín èèyàn díẹ̀. Nígbà tí wọ́n bi Fàúsát bóyá ó gbà, kò jẹ́ kí wọ́n bi í lẹ́ẹ̀mejì. Àfáà wá gbọ́wọ́ sókè, ó bẹ̀rẹ̀ àdúà pé ẹ̀yìn ìyàwó kò ní mọ ẹní. Fàúsát pa ẹnu dé, kò ṣàmín. Ó ti gbọ́ àdúà náà lọ́jọ́ yìgì àkọ́kọ́, ó mọ ohun tí wọ́n fi í ṣe lẹ́yìn náà. Shuaib yíjú sí àfáà, ó fẹ́ sọ̀rọ̀.

Ìyá rẹ̀ ló ṣáájú rẹ̀. “Àfáà, ẹ dákun,” ló wí látẹ̀yìn, “ẹ kọ́kọ́ bá wa tọrọ ẹ̀mí gígùn àti àlàáfíà fún àwọn méjèèjì. Ìyẹn náà tó.”

Àfáà wò ó tìyanutìyanu, ó wá yí àdúà náà padà. Àmín Fàúsát ló ròkè jù nínú mọ́ṣáláṣí náà.