Ibò Verna àti Ibò Ovila

Nínú yìnyín ni Verna Batchelder ti kọ́kọ́ pàdé Ovila Gagnon, níwájú Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ní Concord, lóṣù kìíní ọdún. Táyà mọ́tò Verna ń yí lójú kan, kò lọ síwájú, kò lọ sẹ́yìn. Ọkùnrin àgbàlagbà kan tó dé fìlà onírun wá kan gíláàsì fèrèsé mọ́tò náà.

"Màdáámù, ẹ má tẹ̀ ẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Kòtò lẹ̀ ń gbẹ́ fún ara yín yẹn."

"Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi wa bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ iléèwé nínú yìnyín yìí," Verna dáhùn. "Bí ẹ bá fẹ́ ràn mí lọ́wọ́, ẹ ti mọ́tò, kí ẹ jẹ́ kí ẹnu sinmi."

Ovila rẹ́rìn-ín. Ó ti mọ́tò náà títí yìnyín fi bo ṣòkòtò rẹ̀ dé orúnkún. Láti ọjọ́ náà ló ti ń pè é ní Dírẹ́bà.

Opó ni Verna, ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin. Ìyàwó Ovila náà ti kú, òun àti Alma àbúrò rẹ̀ obìnrin ló kù nínú oko igi ṣúgà wọn, níbi tí wọ́n ti ń gba omi ara igi, tí wọ́n ń sè é títí yóò fi ki bí oyin. Aṣòfin tuntun ni àwọn méjèèjì, ẹgbẹ́ òṣèlú wọn sì yàtọ̀ síra. Àlàfo tóóró kan ló wà láàárín àga wọn. Bí ẹnì kan bá ń sọ̀rọ̀ tí ọ̀rọ̀ náà ò tán bọ̀rọ̀, Ovila a máa na ṣúgà igi sí Verna lábẹ́ ìwé.

Ojú Ovila ò ríran dáadáa mọ́, ni Verna bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi mọ́tò gbé e lọ sí Concord, tó ń gbé e bọ̀. Wákàtí kan àtààbọ̀ ni ìrìn náà. Ojú ọ̀nà yẹn ni ìfẹ́ ti wọ̀ wọ́n lára. Lọ́jọ́ kan tí wọ́n ń kọjá lẹ́bàá adágún, Ovila ní:

"Dírẹ́bà, mo ti dàgbà kọjá ẹni tó ń yí ọ̀rọ̀ po. Mo fẹ́ràn rẹ. Ṣé wàá fẹ́ mi?"

"Kí ló dé tí o ò jẹ́ kí n páàkì ná?"

"Bí o bá páàkì, ojú mi ni wàá máa wò. Ẹ̀rù á bà mí."

Verna wa mọ́tò dé ẹnu ọ̀nà oko Ovila kó tó páàkì. Ó wá ní, "Ó dáa. Tí Ilé Ìgbìmọ̀ bá ti parí ìjókòó, a ó ṣe é." Ayọ̀ tó wà nínú rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣì ọ̀nà ilé ara rẹ̀.

Lóṣù kejì ni àbádòfin kan dé. Ó ní kí ètò ìbánigbófò ìlera tí ìjọba ń ṣe fún àwọn aláìní máa sanwó fún obìnrin tó bá fẹ́ ṣẹ́yún. Verna ti ṣèlérí fún àwọn ará ìlú rẹ̀ pé òun yóò tì í lẹ́yìn. Ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́rìnlá kan wà tó máa ń wọ bọ́ọ̀sì rẹ̀ ní ọdún méjìlélógún sẹ́yìn, ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an ló máa ń jókòó sí, tí yóò máa kọrin fún un. Ọmọ náà lóyún, ìyá rẹ̀ ò rówó fún dọ́kítà tí yóò bá a ṣẹ́ ẹ, Verna ò rí ọmọ yẹn nínú bọ́ọ̀sì mọ́, kò sì gbọ́ orin rẹ̀ mọ́.

Ovila ní tirẹ̀ lòdì sí i.

"Èmi ni ìkẹtàlá tí ìyá mi bí," ó ní. "Láti orí ìkẹsàn-án ni dọ́kítà ti ní kó má bí mọ́. Ká ní ìjọba ń sanwó nígbà náà, ta ni ì bá jókòó tì ọ́ lónìí?"

"Mi ò mọ̀, Ovila. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ ńkọ́? Ta ló bi òun léèrè?"

Mọ́tò ń lọ, Verna ń wo ọ̀nà. Nígbà tó yá, Ovila gbé ọwọ́ lé ọwọ́ Verna. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe délé.

Nígbà tí oṣù kẹta ń parí lọ, Ovila ṣubú nídìí ìkòkò ńlá tó fi ń se omi igi. Àìsàn ọkàn ló gbé e ṣánlẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù, wọ́n la àyà rẹ̀. Ìdìbò lórí àbádòfin náà ku ọjọ́ mẹ́jọ.

"Dírẹ́bà," ó ní nígbà tí Verna dé ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, "ṣé wàá so ibò pọ̀ mọ́ mi?"

Àṣà Ilé nìyẹn. Bí ẹnì kan ò bá lè wá, ẹni tó fẹ́ dìbò lòdì sí i lè bá a fọwọ́ sí ìwé pé òun náà ò ní dìbò. Ibò kan á pa èkejì, kò sí ẹni tí yóò jèrè àìsàn ẹnìkejì rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fọwọ́ sí i, yóò jókòó síbẹ̀, yóò panu mọ́ ni.

Verna wo báńdéèjì tó wà láyà rẹ̀. Ó fọwọ́ sí i.

Ilé Verna ò wá rọrùn mọ́. Darlene ọmọ rẹ̀, nọ́ọ̀sì ni níbi tí àwọn aláìní ti ń gba ìtọ́jú.

"Mọ́mì, wọ́n ti ń ṣírò bí ibò ṣe máa rí. Ó lè jẹ́ ibò kan péré ló máa ya wọ́n. Ṣé torí ọkùnrin oṣù mẹ́ta lẹ fẹ́ já àwọn obìnrin yẹn sílẹ̀?"

"Mo ti fọwọ́ sí i, Darlene."

"Bí ẹ bá wá yẹ̀ ẹ́ ńkọ́? Wọ́n á nà yín ni?"

"Òun á mọ̀. Ìyẹn nìkan tó."

"Ìfẹ́ ti fọ́ yín lójú."

"Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀," Verna ní. "Jẹun ná, kí o tó máa bú mi lọ."

Alma pàápàá ò gba Verna gbọ́. Ó dá a dúró lọ́dẹ̀dẹ̀ ọsibítù. "Mo mọ ẹ̀yin olóṣèlú. Bọ́tìnnì ìdìbò lẹ máa tẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹ ó wá sọ pé ọwọ́ yín ló yọ̀."

Ovila rí ojú Verna nígbà tó wọlé. Ó ní kí ló ṣẹlẹ̀.

"Kò sí nǹkan, ọ̀wọ́n mi. Ọ̀rọ̀ kan ló ti wà lọ́fun mi láti ọdún méjìlélógún. Ọjọ́ tó yẹ kí n sọ ọ́ gan-an ni mi ò ní sọ ọ́. Kò burú. Ìwọ ṣáà sinmi."

Ovila yíjú sí ògiri.

Lọ́jọ́ ìdìbò, Ilé kún bámúbámú. Darlene wà lókè níbi àwọn òǹwòran, ó ká apá mọ́yà. Akọ̀wé ti gbé ìwé àwọn tó so ibò pọ̀ dání, ó fẹ́ kà á, ni ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣí. Alma ló ń ti kẹ̀kẹ́ aláìsàn bọ̀. Ovila ló jókòó sínú rẹ̀, ó gbé kóòtù lé aṣọ ọsibítù, wọ́n ò tíì já bébà orúkọ kúrò lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀.

"Ẹ ya ìwé yẹn," ó ní fún akọ̀wé. Ohùn rẹ̀ ò ju ti ọmọ kékeré lọ. "Mo ti dé. Màá dìbò mi. Kí obìnrin yìí náà sọ tiẹ̀."

Alága béèrè bóyá ẹnì kan ṣì ní ọ̀rọ̀. Verna dìde. Ó sọ ọ̀rọ̀ ọmọ tó máa ń kọrin nínú bọ́ọ̀sì, kò ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Ovila ń sunkún bó ti ń gbọ́ ọ. Nígbà tí wọ́n ní kí wọ́n tẹ bọ́tìnnì, Verna tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Ovila nu ojú, ó tẹ bẹ́ẹ̀ kọ́.

Ibò mẹ́rin ni àbádòfin náà fi ṣubú.

Verna kúnlẹ̀ ti kẹ̀kẹ́ náà lọ́dẹ̀dẹ̀. "Orí rẹ ò pé. Ìwé yẹn ì bá ṣe iṣẹ́ kan náà. Ibò wa ì bá pa ara wọn."

"Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n mi ò lè fẹ́ obìnrin tí èmi fúnra mi pa lẹ́nu mọ́."

Darlene sọ̀ kalẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó di ọrùn ọwọ́ Ovila mú, ó ń ka bí ọkàn rẹ̀ ti ń lù. "Ta ló ní kí ẹ kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì?"

"Alma ló jí mi gbé."

"Irọ́ ni," Alma ní. "Ó ní tí mi ò bá ti òun, òun á fẹsẹ̀ rìn wá." Ó wá yíjú sí Verna. "Mo ti sọ̀rọ̀ sí yín láìdáa. Ẹ má bínú."

Verna dì mọ́ ọn. Darlene ò sọ pé òun dárí ji ẹnikẹ́ni. Ó ṣáà bá Ovila so bọ́tìnnì kóòtù rẹ̀ dé ọrùn, ó sì gba kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ Alma.

Lóṣù kẹfà, wọ́n ṣe ìgbéyàwó. Lọ́dún kejì, wọ́n tún gbé àbádòfin náà wá. Tọkọtaya náà jọ jẹun àárọ̀ lórí tábìlì kan, wọ́n lọ dìbò lòdì sí ara wọn, wọ́n sì padà wálé wá fọ abọ́.