Ọjọ́ tí Omi Ìdíàgbọn Mọ́

Ní ayé ìgbà tí mò ń wí yìí, àwọn ọmọ Yorùbá ti kọ́ ìlú sórí Ayé Pupa, ayé mìíràn tó jìnnà réré sí ilé ayé wa yìí. Wọ́n pe ìlú náà ní Ìdíàgbọn, nítorí ọgbà àgbọn tí wọ́n gbìn sábẹ́ òrùlé dígí tó bo gbogbo rẹ̀. Òjò kì í rọ̀ níbẹ̀. Omi tí wọ́n gbé wá láti ilé ayé ni wọ́n ń mu, òun náà ni wọ́n ń tọ̀, òun náà ni ẹ̀rọ ń fọ̀ kí wọ́n tó tún un mu. Ẹ̀rọ náà ń yọ ìdọ̀tí, ó ń pa kòkòrò, ṣùgbọ́n kò lè yọ oògùn. Gbogbo oògùn tí ará ìlú ti gbé mì rí ń yí po nínú omi, ó sì ń pọ̀ sí i.

Ṣíjúadé, ọ̀gá àwọn tó ń mójú tó omi, ló kọ́kọ́ fura sí omi náà. Oyún méjì ti bàjẹ́ lára òun fúnra rẹ̀, ẹ̀kẹta wà nínú rẹ̀. Àwọn ọmọ tí obìnrin mìíràn sì bí, eegun ẹ̀yìn wọn kò pé. Ló bá kó èèpo líle ara àgbọn sínú iléru tí afẹ́fẹ́ kò wọ̀, ó sun ún di èédú, ó sì fẹ́ ooru omi híhó sí i títí ihò tín-tìn-tín tí ojú kò lè rí fi là sí i lára. Èédú oníhò ló pè é. Bí omi bá gba inú rẹ̀ kọjá, oògùn á há sínú àwọn ihò náà.

Bàbá Odétúndé, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ tó tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn tí ìyá rẹ̀ kú, ló dìde takò ó níwájú àwọn àgbà ìlú.

"Ẹ má fọwọ́ kan omi yìí," ni bàbá wí. "Láti kékeré ni wárápá ti ń gbé mi ṣánlẹ̀. Oògùn mi tán, ó ti pẹ́, síbẹ̀ mi ò ṣubú mọ́. Omi ibí ló wò mí sàn."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, omi kì í wo wárápá."

"Ṣé irọ́ ni mò ń pa fún ọ ni?"

"Mi ò wí bẹ́ẹ̀, sà. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ń kú sínú ìyá wọn."

Àwọn àgbà gbà fún Ṣíjúadé. Kò sì bi ara rẹ̀ léèrè rárá ohun tó wo bàbá sàn.

Kò pẹ́ tí gbogbo omi ìlú fi gba inú èédú kọjá tán. Awòmi, ẹ̀rọ tó ń sọ ohun tó wà nínú omi, kò rí oògùn kankan mọ́. Àwọn obìnrin bọ́ síta, wọ́n ń jó. Ṣíjúadé wà láàárín wọn nígbà tí wọ́n wá pè é pé bàbá ti ṣubú nínú ọgbà àgbọn.

Ó bá bàbá tó ń gbọ̀n, itọ́ ń hó lẹ́nu rẹ̀. Dókítà Adékúnbi, obìnrin tó ń tọ́jú àwọn aláìsàn ìlú, ti kúnlẹ̀ tì í, ó sì ti yí i sí ẹ̀gbẹ́ kan. Gìrì náà dáwọ́ dúró. Ó tún bẹ̀rẹ̀.

"Oògùn wárápá wà nínú omi yẹn," ni Dókítà wí, ojú rẹ̀ kò kúrò lára bàbá. "Èyí tí bàbá fúnra wọn lò, èyí tí ẹlòmíràn lò. Òun ló ń dá gìrì dúró. Òun náà ló ń ba oyún jẹ́."

"Fún wọn ní òmíràn, kíá!"

"Kò sí. Ọkọ̀ òfuurufú tó ń kó oògùn bọ̀ láti ilé ayé ṣì jìnnà. Bí gìrì yìí bá ń tẹ̀lé ara wọn báyìí, bàbá ò ní rí ìrọ̀lẹ́."

Ṣíjúadé wá omi àtijọ́ kiri, kò rí ẹ̀kán kan. Òun gan-an ló ti fọ gbogbo rẹ̀. Ló bá sáré lọ sídìí èédú, ó bù ú sínú ọtí líle, torí ó mọ̀ pé ọtí lè fa oògùn jáde nínú àwọn ihò náà. Ó sẹ́ ẹ, ó gbé e kaná títí ọtí fi gbẹ. Ohun tó ṣẹ́kù ní ìsàlẹ̀ ìkòkò dúdú, ó sì ń fà bí oyin. Ó gbé e dé ọgbà.

Dókítà gbá ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ṣé orí ẹ pé? Gbogbo oògùn ìlú ló wà nínú ìyẹn! Mi ò mọ èyí tó máa wò wọ́n, mi ò mọ èyí tó máa pa wọ́n. Ká tó yọ ẹyọ kan lára rẹ̀, bàbá ti lọ."

Bàbá lajú. Ojú rẹ̀ pọ́n kankan. "Kí ló wà lọ́wọ́ rẹ?"

Ṣíjúadé sọ ọ́ fún un, kò fi nǹkan kan pamọ́.

"Ṣé kì í ṣe ohun tí mo ti ń mu látọjọ́ yìí náà nìyẹn? Fún mi. Ẹ̀rù ikú ń bà mí, ọmọ mi."

Dókítà tú ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ṣíjúadé po díẹ̀ mọ́ omi, ó fi ṣíbí bù ú sí bàbá lẹ́nu. Díẹ̀ dà sí bàbá nírùngbọ̀n. Wọ́n dúró. Gìrì mìíràn dé, ó rọlẹ̀ ju ti ìṣáájú lọ. Wọ́n ń retí èyí tó kàn, kò wá. Bàbá sùn.

Nígbà tó jí, Ṣíjúadé kí i pé, "Bàbá, ẹ kú ewu." Bàbá ń wo ẹnu rẹ̀. Ó tún kí i, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pariwo.

"Ẹ̀yin èèyàn yìí," ni bàbá wí, "kí ló dé tí ẹ kàn ń mi ètè?"

Dókítà yẹ etí rẹ̀ wò, ó sì fa Ṣíjúadé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọ̀kan nínú àwọn oògùn inú ìkòkò yẹn ti pa etí bàbá. Kò ní gbọ́ràn mọ́ láé.

Ọkọ̀ òfuurufú dé, oògùn wárápá dé. Ṣíjúadé bí ọmọbìnrin kan, eegun ẹ̀yìn rẹ̀ gún régé. Bàbá ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e fún. Ọmọ náà fi igbe bọnu, igbe tó gba gbogbo ilé kan, àwọn obìnrin ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń di etí wọn. Bàbá gbé e sún mọ́ ojú, ó ń wo ẹnu kékeré náà tó ń là tó ń pa dé.

"Ohùn rẹ̀ ńkọ́?" ló bi Ṣíjúadé. "Ṣé ó jọ ti ìyá rẹ?"

Ṣíjúadé mú ọwọ́ bàbá, ó gbé e lé àyà ọmọ náà, níbi tí igbe ti ń mì ín.