Ọwọ́ Méjì Tó Ń Fún Aláìsàn Kan Lóògùn

Ìyàwó akunlé ti ibi iṣẹ́ dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó bá ọkọ rẹ̀ lórí àga, ó ń sùn. Bó ṣe fi í sílẹ̀ láàárọ̀ náà ló tún ṣe bá a. Ẹnu là sílẹ̀, tíì inú ife ti tutù, ẹsẹ̀ ọ̀tún sì wà lórí tìmùtìmù, bó ṣe máa ń wà láti ìgbà tó ti já bọ́ lórí àkàbà níbi tó ti ń fi ọ̀dà kun ilé, tí wọ́n fi irin to egungun itan rẹ̀.

Kì í ṣe oorun yẹn ló dá ìyàwó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Eyínafẹ́, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ obìnrin, ló jókòó ti àbúrò rẹ̀, bó sì ṣe gbọ́ ìró kọ́kọ́rọ́ ló yára so nǹkan mọ́ ìṣẹ́tí ìró.

"Ẹ kú ilé, mà."

"Káàbọ̀, ìyàwó wa. Ṣé iṣẹ́ ò pọ̀ jù?"

Eyínafẹ́ ni ìyàwó sọ ọ́, nítorí ìyàwó ilé kì í pe ẹbí ọkọ lórúkọ. Eyín náà ló ń rẹ́rìn-ín sí i báyìí, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò kúrò lára ìṣẹ́tí ìró.

Ìlú òkèèrè ni wọ́n ń gbé, níbi tí kò sí ará ilé tí wọ́n lè ké sí. Ìyàwó ò lè fi iṣẹ́ aṣọ fífọ̀ ní òtẹ́ẹ̀lì sílẹ̀, ni Eyínafẹ́ bá wọ bàálù wá ràn wọ́n lọ́wọ́. Ó ń dáná, ó ń gbálẹ̀, ó ń wẹ aláìsàn. Àmọ́ kò pẹ́ tó dé tí ọkùnrin náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í sùn bí ẹni tí wọ́n so mọ́ oorun, tí ọ̀rọ̀ sì ń wúwo lẹ́nu rẹ̀.

Kí ni obìnrin yìí ń fún ọkọ mi? Ìbéèrè yìí ń jẹ ìyàwó lọ́kàn, ṣùgbọ́n ìyàwó wo ló máa wo ojú ẹ̀gbọ́n ọkọ, tó máa sọ pé kó tú ìṣẹ́tí ìró wò? Ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Ó kó oògùn tí dókítà kọ fún ọkọ rẹ̀ sínú kọ́bọ́ọ̀dù, ó tì í pa, òun nìkan ló ń fún un.

Ó rò pé òun ń ṣọ́ èèyàn ni, kò mọ̀ pé wọ́n ń ṣọ́ òun náà. Lọ́jọ́ kan, láti ilé ìdáná, ó gbọ́ tí Eyínafẹ́ ń sọ lórí fóònù pé ìyàwó ń ṣahun oògùn fún ọmọ ìyá òun, pé bóyá aláìsàn ti sú u. Inú ìyàwó bàjẹ́. Láti ọjọ́ náà, àwọn méjèèjì ń kí ara wọn dáadáa, wọ́n sì ń fi ẹ̀gbẹ́ ojú wo ara wọn.

Akunlé alára ńkọ́? Ọkùnrin tí kò bẹ̀rù àkàbà gíga, ó bẹ̀rù obìnrin méjì. Èyí tí ìyàwó fún un, ó gbé e mì. Èyí tí ẹ̀gbọ́n tó pọ̀n ọ́n dàgbà yọ́ fún un, ó gbé e mì. Kò fẹ́ ìjà, ìrora sì ń rọlẹ̀, ló bá panu mọ́.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni nọ́ọ̀sì tó máa ń wá tọ́jú ojú ọgbẹ́ wọlé, ọmọ Yorùbá bíi tiwọn, obìnrin méjèèjì sì wà nílé. Ó pe aláìsàn, kò dáhùn. Ó gbọ̀n ọ́n, ojú là díẹ̀, ó tún padé. Ètè rẹ̀ ti rí bí eérú, èémí rẹ̀ sì jìnnà síra. Nọ́ọ̀sì yí i sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó pe ọkọ̀ pàjáwìrì.

"Kí ló lò?" ni nọ́ọ̀sì bi wọ́n.

"Ẹ bi ẹ̀gbọ́n wa," ni ìyàwó wí. Ọ̀rọ̀ tó ti gbé mì ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Èmi? Ẹ bi ẹni tó ń ti oògùn mọ́nú kọ́bọ́ọ̀dù," ni Eyínafẹ́ dá a lóhùn.

"Ẹ̀yin ìyá mi, mi ò wá ọ̀daràn, oògùn ni mò ń wá. Gbogbo ohun tó gbé mì, ẹ kó o wá kí ọkọ̀ tó dé."

Ìyàwó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ó kó páálí oògùn jáde. Eyínafẹ́ náà tú ìṣẹ́tí ìró, ó mú ìgò kékeré kan jáde, oògùn orúnkún tirẹ̀ tó gbé ti ilé wá.

Nọ́ọ̀sì ka ara páálí, ó ka ara ìgò. "Oògùn kan náà ni," ló wí. "Orúkọ ọ̀tọ̀, àwọ̀ ọ̀tọ̀, ilé iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ló ṣe é. Oògùn ìrora tó le ni. Bó bá pọ̀ lára, á máa kun èèyàn lóorun títí á fi gbàgbé àtimí."

Ìyàwó wo ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀. Obìnrin tí orúnkún ń dùn, tó ń fi oògùn ara rẹ̀ sílẹ̀ fún àbúrò, ló rí níbẹ̀. Ojú tì í. Ẹ̀rù sì bà á ju ìtìjú lọ, nítorí ìdajì ohun tó fẹ́ pa ọkọ rẹ̀ yìí, ọwọ́ òun ló ti jáde.

Abẹ́rẹ́ tí wọ́n fún akunlé nínú ọkọ̀ ló dá èémí rẹ̀ padà. Nígbà tó lajú ní ọsibítù, ìyàwó di ọwọ́ rẹ̀ kan mú, ẹ̀gbọ́n di èkejì mú. Ó fa ọwọ́ àwọn méjèèjì mọ́ra.

"Ẹni tó bá tún fẹ́ fún mi lóògùn," ló wí, "kó kọ́kọ́ bi ẹnì kejì."

Ẹ̀yin ènìyàn wa, ẹ má ṣe fún ẹlòmíràn ní oògùn tí wọ́n kọ fún yín, bó ti wù kí ẹ fẹ́ràn rẹ̀ tó. Ẹ fi gbogbo ohun tí aláìsàn ń lò han dókítà tàbí apoògùn, títí kan èyí tó ti ilé wá. Aláìsàn, má fi ìtìjú gbé oògùn mì. Sọ ohun tó wà lára rẹ. Bí oorun ẹni tó ń lo oògùn ìrora bá pọ̀ jù, tí èémí rẹ̀ ń falẹ̀, ẹ má ní kó sùn tán. Ẹ tètè pe ọkọ̀ pàjáwìrì.

Àwọn àgbà ní ìfura loògùn àgbà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìfura tí a dì sínú, tí a kò fi béèrè ọ̀rọ̀, kò tíì wo ẹnì kan sàn rí.