Ike Òrí Inú Ẹrù Màámi

Ní ṣọ́ọ̀bù aránṣọ kan ní àdúgbò Nuzlah, ní ìlú Jẹ́dà ní Saudi, ni Mùnírù ti kọ́kọ́ rí Tọ̀yìbátù. Òòró ló dúró tó ń jẹun. Mùnírù tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́ ní, "Arábìnrin, ṣé àga ń gé yín jẹ ni?"

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu ọmọbìnrin náà, ṣùgbọ́n ojú tì í. Ó ní bí òun bá ti jókòó tàbí tí òun dùbúlẹ̀, nǹkan á máa rìn nínú ẹsẹ̀ òun bí eèrà, àfi kí òun dìde rìn. "Ẹsẹ̀ mi kì í sinmi. Ta ló máa fẹ́ irú mi?"

"Èmi rèé," ni Mùnírù wí. Ó sì fẹ́ ẹ dénú.

Ìfẹ́ ọ̀hún ló gba ọgbọ́n orí rẹ̀. Ó gbọ́ pé àwọn dókítà òkè òkun ń fi òróró igbó, ewé tí wọ́n ń fà bíi sìgá, dán irú àìsàn ẹsẹ̀ yìí wò. Àwọn aláìsàn kan ní àwọn rí oorun sùn, ṣùgbọ́n kò tíì dájú. Kíá, ó ní kí Abbas ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Ìlọrin ri ìgò kékeré kan tí òróró náà wà nínú rẹ̀ mọ́ inú ike òrí, kó gbé e fún màámi, ìyá Mùnírù, tó ń bọ̀ wá ṣe ùmúrà ní Mẹ́kà, tí wọ́n sì fẹ́ wá wo ìyàwó. Màámi ò mọ nǹkan kan. Òrí ìpara lásán ni Abbas pè é fún wọn. Ẹ gbọ́ ná, ṣé ohun tí ọmọ ń ṣe fún ìyá nìyẹn?

Ó tún wá ń fi yangàn fún Tọ̀yìbátù. Ọmọ náà fò dìde.

"Igbó kẹ̀? Nínú ẹrù ìyá rẹ? Ní ìlú tí wọ́n lè tìtorí ẹ̀ pa èèyàn!"

"Olólùfẹ́ mi, nítorí rẹ ni mo ṣe..."

"Má dárúkọ mi sí i! Pè wọ́n kí wọ́n tó kúrò nílé. Ẹnu ara rẹ ni kí o fi sọ ọ́."

Mùnírù pe màámi. Nígbà tó sọ ọ́ tán, màámi ní, "Mùnírù, èmi tí mo bí ọ?" Wọ́n da ike náà sí ṣáláńgá, wọn ò sì pè é mọ́ títí wọ́n fi dé.

Ìtìjú ò jẹ́ kí Mùnírù lè wo ojú màámi ní Mẹ́kà. Ní yàrá tí màámi wọ̀ sí ní àdúgbò Hujun, Tọ̀yìbátù kúnlẹ̀ kí wọn, ó jókòó, ẹsẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ó fi ọwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ojú ń tì í wẹ̀lẹ̀wẹ̀lẹ̀. Ta ló ń mi ẹsẹ̀ níwájú ìyá ọkọ?

"Jẹ́ kó máa mì, ọmọ mi." Màámi gbé ẹsẹ̀ ọmọ náà lé itan ara wọn, wọ́n ń fọwọ́ wọ́ ọ. Mùnírù dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Kò sẹ́ni tó ní kó dìde.

"Tọ̀yìbátù, ṣé o ṣì fẹ́ èyí tó wà nílẹ̀ yìí?"

Omi bọ́ lójú rẹ̀. "Mo fẹ́ ẹ, màámi. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ń padà sílé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó bá yín di ẹrù."

Màámi bú sẹ́rìn-ín. Mùnírù ò rí i. Ojú rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀.