Ohun Tó Pa Adìẹ Moríyọ̀

Ní ọdún tí oúnjẹ adìẹ wọ́n bí ojú, Moríyọ̀, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ní Ìta-Ògbólú, gbé omi dé ilé adìẹ rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó bá mẹ́sàn-án tó ti na ẹsẹ̀ gbalaja. Mẹ́fà mìíràn ti kú ṣáájú lọ́sẹ̀ kan náà.

Ojú rẹ̀ lọ tààrà sí ilé Akíntóyè, aládùúgbò rẹ̀. Kò tíì ju oṣù kan lọ tí wọ́n jà, nítorí àwọn adìẹ náà jáde, wọ́n sì jẹ ẹ̀fọ́ ọkùnrin náà run.

"Májèlé ni," ó sọ fún Bímbọ́lá, ọmọ rẹ̀ obìnrin. "Akíntóyè ló pa wọ́n. Gbogbo àdúgbò ló máa gbọ́ lónìí!"

"Màmá, ẹ fara balẹ̀. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó pa wọ́n. Àwọn dókítà ẹranko wà ní ọ́fíìsì ìjọba ní Alágbàká."

"Kí ni dókítà fẹ́ fi òkú adìẹ ṣe? Ṣé ó máa jí i ni?"

Síbẹ̀, ó tẹ̀ lé e. Bímbọ́lá fi ọ̀rá bo ọwọ́, ó di òkú adìẹ méjì sínú ọ̀rá onílọ̀ọ́po méjì, ó kó wọn sínú kúlà pẹ̀lú yìnyín. Ó bu díẹ̀ dání nínú oúnjẹ wọn.

Dókítà Ìtùnú Ògúnníyì ló gbà wọ́n, ọmọ bíbí Oǹdó, obìnrin tí kì í kánjú sọ̀rọ̀. Ó wọ ìbọ̀wọ́, ó bo imú, ó la adìẹ náà. Láti ẹ̀yìn gíláàsì ni Moríyọ̀ ti ń wò ó. Obìnrin náà yẹ ọ̀nà ọ̀fun wò, ó yẹ iwe àti ìfun wò, kò fo ibì kankan. Ó ti tó ogójì ọdún tí Moríyọ̀ ti ń pa adìẹ jẹ, kò mọ̀ pé ohun tó ń sọ̀rọ̀ pọ̀ tó báyẹn nínú rẹ̀.

"Kò jọ lùkúlùkú, àrùn tó máa ń pa adìẹ lọ rẹpẹtẹ," ni dókítà wí. "Àmọ́ ẹ wo ẹ̀dọ̀ yìí."

Ẹ̀dọ̀ tó yẹ kó pọ́n dúdú ti wú, àwọ̀ rẹ̀ ti dà bí iyèyé, ó sì ń rún mọ́ ọn lọ́wọ́.

Dókítà tú ọ̀rá oúnjẹ náà. Àgbàdo inú rẹ̀ ti bu, ó ní lẹ́búlẹ́bú aláwọ̀ ewé lára.

"Èyí tí agbára mi ká nìyẹn," ni Moríyọ̀ wí pẹ̀lú ìtìjú.

"Mo mọ̀, Màmá. Gbogbo wa la mọ bí ìlú ṣe rí. Àmọ́ àgbàdo tó bu máa ń ní oró tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. A ó yẹ méjèèjì wò dáadáa kó lè dá wa lójú. Ta ló tún ń jẹ nínú rẹ̀?"

Moríyọ̀ yíjú sí Bímbọ́lá. "Mo máa ń ṣà á, mo máa ń fọ̀ ọ́... mo fi ń ṣe ògì fún ọmọ-ọmọ mi."

"Ògì Kìtán ọmọ mi!" Bímbọ́lá figbe ta.

"Fífọ̀ kì í mú oró náà kúrò, síse kì í pa á," ni dókítà wí. " Ẹ gbé ọmọ náà lọ sí ilé ìwòsàn lónìí."

Wọ́n gbé e lọ. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ara rẹ̀ dá ṣáká. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, èsì àyẹ̀wò dé: àgbàdo náà ni. Moríyọ̀ ri í mọ́lẹ̀ jinlẹ̀, ó pààrọ̀ oúnjẹ, ikú sì dáwọ́ dúró.

Ó wá kan ilẹ̀kùn Akíntóyè. "Mo rò pé ẹ̀yin lẹ pa adìẹ mi. Àṣé àgbàdo tó bu tí mo rà ni. Ẹ má bínú."

Akíntóyè bi í pé, "Tíṣà, ibo lẹ ti ra àgbàdo yẹn?"

Nígbà tó sọ ọ́, ọkùnrin náà wọlé lọ, ó wọ́ àpò àgbàdo tirẹ̀ jáde. Ọ̀dọ̀ ẹni kan náà ni àwọn méjèèjì ti rà á.

Ẹ̀yin olùsìn ẹran, bí ẹran bá kú láìnídìí, ẹ má jẹ ẹ́, ẹ má tà á, ẹ má sì fura sí ẹnikẹ́ni. Ẹ tètè gbé e lọ fún dókítà ẹranko, kó la á wò. Ẹ má fi ọwọ́ lásán kàn án, ẹ sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́ yín. Ẹ sá àgbàdo kó gbẹ dáadáa kí ẹ tó kó o pamọ́. Èyí tó bá ti bu, kì í ṣe oúnjẹ ènìyàn, kì í ṣe ti ẹran. Ohun tó pa adìẹ lè ti wà nínú ìkòkò yín.