Àgọ́ Tí Kò Ní Èéfín

"Bàbá, ẹ gbọ́ mi. Ẹ ò ní lọ sùn sínú ọyẹ́ yìí láéláé."

Ọlọ́runfẹ́mi ló ń sọ̀rọ̀. Bàbá tó bí i lọ́mọ, Bàbá Ògúnrìndé, ọdẹ tí tọmọdé tàgbà mọ̀ ní Ayédé-Èkìtì, ló sì ń bá sọ ọ́. Ọjọ́ kejì Kérésìmesì ni. Ọyẹ́ ti mú débi pé ètè gbogbo ará ilé ti bẹ́, àwọn ewúrẹ́ pàápàá kò fẹ́ kúrò nídìí ààrò. Bàbá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń nu ìbọn rẹ̀ bí ìyá tó ń wẹ ọmọ tuntun, ó ń ṣe bí ẹni pé kì í ṣe òun ni wọ́n ń bá wí.

"Ọyẹ́ mú ni o, kò mú ni o, mo rè ugbó," ni Bàbá dáhùn. "Ẹja inú fíríìsà ni ẹ fi jẹ uyán lánàá, ẹ sì ń kí ara yín kú ọdún."

Ọ̀rọ̀ náà ju ẹ̀fẹ̀ lọ. Ní ọdún tó kọjá, òtútù àyà dá Bàbá dùbúlẹ̀ sí ilé ìwòsàn fún ìgbà pípẹ́, dókítà sì kìlọ̀ pé òtútù kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́ láyà mọ́. Láti ìgbà náà ni kò ti sùn nínú igbó. Ẹni tó máa ń pa gbogbo ilé lẹ́rìn-ín wá di ẹni tó ń jókòó wo ojú títì láti àárọ̀ di alẹ́. Gbogbo wọn mọ̀ pé kì í ṣe ẹran ló ń wá. Igbó gan-an ni àárò rẹ̀ ń sọ ọ́.

Ọmọ ọmọ rẹ̀ obìnrin, Ìkẹ́olúwa, tó wà ní ọdún kejì girama àgbà, ló dá sí i. "Dádì, bí a bá rí ibi tó móoru tí wọ́n lè sùn sí nínú igbó ńkọ́?"

Ọlọ́runfẹ́mi yíjú sí i. "Bí o bá rí irú rẹ̀, kí wọ́n lọ. Ṣùgbọ́n ìwọ fúnra rẹ ni kí o yẹ̀ ẹ́ wò. Ohun tí o bá sọ ni mo máa gbà."

Bàbá gbé ojú sókè kúrò lára ìbọn. Ó ti pẹ́ tí Ìkẹ́olúwa ti rí i kí ojú rẹ̀ dán bẹ́ẹ̀.

Ọ̀nà méjì ló wà níwájú ọmọbìnrin náà. Bàbá ní ahéré àtijọ́ kan nínú igbó, tí ògiri amọ̀ rẹ̀ ṣì dúró, àmọ́ tí òrùlé rẹ̀ ti já lulẹ̀. Kàbírù, ọ̀dọ́mọkùnrin tó máa ń bá Bàbá ṣọdẹ, ní bí wọ́n bá gé koríko bẹẹrẹ tó pọ̀, àwọn lè tún un bò. Ọ̀nà kejì wá láti ọ̀dọ̀ Peace, ọ̀rẹ́ Ìkẹ́olúwa, tí bàbá rẹ̀ ń kọ́ni ní yunifásítì ní Òyè. Ẹ̀gbọ́n Peace ní àgọ́ onínáílọ́ọ̀nù kan tó pupa fòò, tó ní síìpù lẹ́nu, tó ṣeé ká sínú báàgì.

"Ẹ ṣáà ti gbé àdògán eléèédú sínú rẹ̀, kí ẹ fa síìpù, ó parí," ni Peace wí. "Èédú kì í rú èéfín bí igi."

Ẹ̀yin náà ẹ sọ èyí tí ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún yóò mú. Bẹẹrẹ ń ya ènìyàn lọ́wọ́, àgọ́ sì ń dán. Kí ó tilẹ̀ tó wọ inú rẹ̀ rárá ni Ìkẹ́olúwa ti ya fọ́tò níwájú rẹ̀, tó fi ránṣẹ́ sórí Wáásáàpù kíláàsì wọn, tó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Òtẹ́ẹ̀lì Bàbá mi àgbà." Oríyìn sì ń wọlé wìtìwìtì.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó pa àgọ́ sí ẹ̀yìnkùlé, ó gbé àdògán tí èédú rẹ̀ ti pọ́n wọlé, ó fa síìpù, ó jókòó tì í, ó ń kàwé. Ooru náà dùn mọ́ ọn. Ó bọ́ súwẹ́tà rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó ṣe, orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ, lẹ́tà inú ìwé ń yí lójú rẹ̀, èébì sì ń gbé e. Ó rá jáde, ó di ògiri mú kí ó má baà ṣubú. Ìgbà tó ti gba atẹ́gùn díẹ̀ ni ojú rẹ̀ tó wálẹ̀.

Peace dé pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́. "Báwo ló ṣe rí? Gbogbo wọn ló ń béèrè o!"

Ìkẹ́olúwa wo fóònù náà. Bí ó bá sọ òótọ́, orúkọ ìnagijẹ ti dé nìyẹn: wọn yóò máa pè é ní Òtẹ́ẹ̀lì Orí-fífọ́ títí tí yóò fi jáde ilé ìwé. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé bóyá ebi ni.

"Ó dáa gan-an," ni ó wí.

Nígbà tí wọ́n ń jẹun alẹ́, bàbá rẹ̀ béèrè bóyá ó yẹ àgọ́ náà wò dáadáa. "Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ó móoru. Kò tilẹ̀ ní èéfín." Kò sí èyí tí kì í ṣe òótọ́ nínú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí, síbẹ̀ irọ́ gbáà ni.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe lọ sí igbó. Kàbírù àti Bàbá, tí wọ́n fi súwẹ́tà nípọn wọ̀, dẹ̀gbẹ́ ní gbogbo òru, Ìkẹ́olúwa àti bàbá rẹ̀ sì sùn sábẹ́ àtíbàbà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná igi. Nígbà tí àwọn ọdẹ máa padà ní ìdájí, ẹtu kan wà léjìká Kàbírù, Bàbá sì gbé ọ̀yà méjì dání.

"Ẹ ẹ̀ rí nǹkan?" ni Bàbá ń yangàn. "Ẹni tí ẹ ní kó jókòó sí ulé bí adìyẹ tó ń sàba!"

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó wọ inú àgọ́ lọ sùn, ó ní kí wọ́n gbé àdògán tẹ̀lé òun, ó sì fa síìpù dé òkè. Ọlọ́runfẹ́mi àti Kàbírù gbé ẹran lọ sí odò láti kun ún. Ó wá ku Ìkẹ́olúwa nìkan, ó ń sun iṣu.

Ó ń gbọ́ bí Bàbá ṣe ń hanrun. Ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Bí òun bá ṣí àgọ́, ọyẹ́ yóò wọ Bàbá láyà, wọn yóò sì béèrè ìdí tí òun fi ṣí i. Kí ni òun yóò sọ? Ó yí iṣu. Nígbà tó tún tẹ́tí, kò gbọ́ híhanrun mọ́.

"Bàbá àgbà!"

Kò sí ìdáhùn.

Ó sọ iṣu nù. Ó fa síìpù, síìpù há sí àárín. Ọ̀bẹ tó fi ń họ iṣu ló fi ya àgọ́ náà láti òkè délẹ̀, ó ki Bàbá mọ́lẹ̀ lábẹ́ abíyá, ó wọ́ ọ síta. "Dádì! Bùrọ̀dá Kàbírù! Ẹ gbà mí o!"

Àwọn méjèèjì sáré dé, wọ́n tẹ́ bàbá arúgbó náà sí gbangba. Ọyẹ́ tí wọ́n ń sá fún fẹ́ yẹ̀ẹ̀ sí i lójú. Bàbá mí kanlẹ̀, ó bì, ó la ojú díẹ̀díẹ̀.

"Ta ló gbé mi sínú ọyẹ́ yìí?" ni ó ń ráhùn. "Ẹ fẹ́ pa mí ni?"

Ọlọ́runfẹ́mi ń rẹ́rìn-ín, ó sì ń sunkún pọ̀.

Wọ́n fi ọ̀kadà Kàbírù gbé e dé ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì sì fi ọ́síjìn sí i nímú. Nígbà tí ara Bàbá balẹ̀, nọ́ọ̀sì náà ṣàlàyé fún wọn. "Èédú tó ń jó ń tú afẹ́fẹ́ olóró jáde. Ojú kì í rí i, imú kì í gbọ́ òórùn rẹ̀. Ibi tí ènìyàn bá sé mọ́rí sùn, iná kò gbọdọ̀ sùn síbẹ̀." Ó yíjú sí wọn. "Ẹni tó kọ́kọ́ dán an wò ńkọ́? Kò ṣe é ní nǹkan kan?"

Gbogbo ojú kọ sí Ìkẹ́olúwa. Kò sẹ́ni tó mọ̀ yàtọ̀ sí òun nìkan. Bí ó bá ní rárá, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ó kúnlẹ̀.

"Ó fọ́ mi lórí. Èébì gbé mi. Mo mọ̀, mi ò sọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

Ojú tì í débi pé kò lè gbé orí sókè. Bàbá rẹ̀ kọjú sí ògiri, ìyẹn sì dùn ún ju ẹgba lọ. Láti orí ibùsùn ni Bàbá àgbà ti dáhùn. "Ìkẹ́, èéfín a máa ta ni lójú, àmọ́ ó ń kìlọ̀ pé uná wà ńbẹ̀. Ìwọ gbé tìrẹ mì. Dìde. Ìwọ náà lo wọ́ mi jáde."

Àforíjì kò ní kí iṣẹ́ má sí. Ìkẹ́olúwa lọ bẹ ẹ̀gbọ́n Peace nítorí àgọ́ tó ya, ó sì fi gbogbo ìyókù ọlidé gé bẹẹrẹ pẹ̀lú Kàbírù títí ọwọ́ rẹ̀ fi lé ròrò. Peace náà wá ràn án lọ́wọ́, ó ń kígbe ní gbogbo ìgbà tí koríko bá gé e. Wọ́n bo òrùlé, wọ́n fi àyè sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ fún atẹ́gùn, wọ́n sì fi ààrò sí ìta. Òkúta ni wọn yóò máa mú gbóná níbẹ̀, tí wọn yóò máa gbé wọlé sẹ́bàá ẹsẹ̀ Bàbá nínú ìkòkò irin.

Lọ́jọ́ tí nọ́ọ̀sì gbà pé kí Bàbá padà sí igbó, gbogbo wọn ti kó ẹrù dé ahéré. Ìkẹ́olúwa wọlé, ó dùbúlẹ̀ sórí ẹní Bàbá. Atẹ́gùn tútù kan ń fẹ́ sí i láyà láti inú ògiri ẹ̀yìn tó sán. Ó jáde.

"Kò tíì dáa," ni ó wí. "Ògiri ẹ̀yìn sán. Ọyẹ́ ń wọlé."

"Dákẹ́ jọ̀ọ́, kékeré ni," ni Peace sọ sí i létí. "Wọ́n ti dé ibí ná."

Ojú Bàbá ti rẹ̀wẹ̀sì, ìbọn wà léjìká rẹ̀. Ojú náà ro Ìkẹ́olúwa lọ́kàn, ṣùgbọ́n ó tún un sọ, ó gbé ohùn sókè. "Kò tíì dáa, Bàbá àgbà. Ẹ jẹ́ kí a rẹ́ ẹ ná."

Ọlọ́runfẹ́mi gbé ẹrù tó ti sọ̀ kalẹ̀ padà sí orí ọ̀kadà. "Ó ti sọ ọ́, mo gbà. Àṣìṣe tí a tètè sọ, a ó rí i tún ṣe. Èyí tí a bò mọ́ra ní í pa ni."

Ni wọ́n bá yí padà. Bàbá kùn láti inú igbó títí dé Ayédé: ó kùn sí ògiri, ó kùn sí ọyẹ́, ó kùn sí àwọn ọmọ ayé òde òní tí kì í jẹ́ kí àgbà sinmi. Inú Ìkẹ́olúwa dùn bó ṣe ń gbọ́ ọ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó ń kùn ṣì wà láàyè.