Ọkọ̀ Tí Ìdí Rẹ̀ Ga

Ìdí ọkọ̀ náà ni Títílọpẹ́ kọ́kọ́ rí. Ó ga sókè, imú rẹ̀ sì dorí kodò, bí adìyẹ tó ń mumi. BMW aláwọ̀ ewé ni, àgbà ọkọ̀ Jámánì, ó ń bọ̀ láti ọ̀nà Ayétòrò, ariwo ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì ti ṣáájú rẹ̀ wọ Ìlaròó. Ta ni kò mọ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ Yewa? Àwọn onífàyàwọ́ ló máa ń fi sípíríǹgì líle sẹ́yìn ọkọ̀, kí ìrẹsì má baà tẹ̀ ẹ́ wọlẹ̀. Láti ìgbà tí ìjọba sì ti ti ẹnubodè pa nínú oṣù kẹjọ, eré tí wọ́n ń sá ti di àsápajúdé.

Títílọpẹ́, tíṣà físíìsì, ń mú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọdá títì lọ́wọ́. Ó na apá méjèèjì, ó pariwo, "Ẹ padà sẹ́yìn! Gbogbo yín!"

Àmọ́ ọkọ̀ náà rọra dúró nígbà tó ṣì kù bí ogún ìgbésẹ̀. Ọ̀dọ́kùnrin gíga kan sọ̀kalẹ̀, ó dúró sáàárín títì, ó sì dá àwọn ọkọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ dúró títí ọmọ tó gbẹ̀yìn fi sọdá.

"Ẹ ṣeun o," ni Títílọpẹ́ wí. "Àpò ìrẹsì mélòó lẹ kó sẹ́yìn ọkọ̀ yín?"

Ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín. "Ẹni kẹrin tó máa bi mí lónìí nìyẹn. Ẹ wá wò ó, tíṣà." Ó ṣí bùùtù. Táyà kan, ìgò omi méjì àti akoto pupa kan ló wà níbẹ̀.

"Akoto kẹ̀? Nínú mọ́tò?"

"Eré ìje ni mo máa ń gbé e lọ sá. Kì í ṣe lójú títì o! Níbi tí wọ́n ti yọ̀ǹda fún wa ni."

Fágbénró lorúkọ rẹ̀, mẹkáníìkì ni, ọmọ àgbẹ̀ láti Ìlárá. Ọwọ́ onífàyàwọ́ kan tó ti ronú pìwà dà ló ti ra ọkọ̀ náà. Ó ti tún gbogbo ara rẹ̀ ṣe tán, àfi sípíríǹgì ẹ̀yìn. Kútọnù ni èyí tó bá a mu wà, ọ̀sẹ̀ tó sì fẹ́ lọ rà á gan-an ni wọ́n ti ẹnubodè. Bí ọmọ ẹni ẹlẹ́ni ṣe di olè lójú ayé nìyẹn.

Lọ́sẹ̀ kejì, ó padà wá sí ilé-ìwé. Ẹni tó ń bá wọn wo aago níbi eré ti rìnrìn àjò. Ṣé tíṣà lè bá wọn ṣe é? Tíṣà ní òun á ronú sí i. Kò ronú ju ìṣẹ́jú kan lọ.

Ìtòsí Jọga-Orílé ni wọ́n ti ń sá a, lójú ọ̀nà ọlọ́dà ilé-iṣẹ́ kan tó ti kógbá wọlé. Àwọn ọ̀dọ́ ń ti Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn wá pẹ̀lú àgbà ọkọ̀ Jámánì wọn. Ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ń dá sáré ni, aago nìkan ló ń bá a du ipò. Nígbà tí Títílọpẹ́ tẹ aago fún Fágbénró lẹ́ẹ̀kìíní, ó rí i pé ojú òun kò kúrò lára awakọ̀ náà, kì í sì í ṣe nítorí eré.

"Ìdí ọkọ̀ yín fúyẹ́ jù ní kọ́nà," ló sọ fún un lẹ́yìn náà. "Gbogbo ìwúwo rẹ̀ ti sá lọ síwájú."

"Ìdí èmi gan-an ti sọ bẹ́ẹ̀ fún mi, tíṣà mi. Àmọ́ kò dùn báyìí lẹ́nu rẹ̀."

Títílọpẹ́ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tí Kérésìmesì fi máa dé, kò sí "ẹ" láàárín wọn mọ́. Títílọpẹ́ fẹ́ràn rẹ̀, ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì máa ń dúpẹ́ lójoojúmọ́ pé òun lòun wà lójú títì lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn.

Bàbá rẹ̀ ló kù. Bàbá Cornelius, kátíkíìsì ìjọ, ọ̀gá ilé-ìwé ni kó tó fẹ̀yìn tì. Lọ́dún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, ọkọ̀ onífàyàwọ́ kan gbá ọmọ kíláàsì kẹrin kan tó ń jẹ́ Àpèkẹ́ níwájú ilé-ìwé rẹ̀. Ọwọ́ Bàbá lọmọ náà kú sí. Ọjọ́ tí Fágbénró wá kí wọn nílé, Bàbá yọjú lójú fèrèsé, ó rí ìdí ọkọ̀ náà, ojú rẹ̀ sì yí padà.

"Gbé nǹkan yẹn kúrò lẹ́nu ọ̀nà mi," ló wí. "Ẹni tó bá ń wa irú rẹ̀ kò ní fẹ́ ọmọ mi."

Fágbénró dọ̀bálẹ̀, ó fẹ́ ṣàlàyé. Bàbá ti kẹ́yìn sí i.

Nínú oṣù kìíní, Ṣàíbù, ọ̀rẹ́ Fágbénró láti Ẹ̀gùá, bá wọn ní ṣọ́ọ̀bù. Inú rẹ̀ dùn. "Mo ti rí sípíríǹgì yẹn! Ó wà lódìkejì ẹnubodè. Ọ̀kadà á gbé e gba ọ̀nà igbó wá lọ́la. Ça va? Ṣé kó máa bọ̀?"

Títílọpẹ́ fò sókè. "Gbà á, Fágbénró! Bí ìdí ọkọ̀ yìí bá wálẹ̀, Bàbá á gbọ́ tiwa."

Fágbénró nu ọwọ́ rẹ̀ pẹ́. "Ọ̀nà tí ìrẹsì ń gbà ni ìyẹn, Títí. Bí mo bá gba irin yẹn, ohun tí Bàbá ń pè mí ti di òótọ́."

"Irin lásán!"

"Irin fàyàwọ́ ni."

"Ó dáa. Àṣé orúkọ rẹ lo fẹ́ràn jù mí lọ." Ó mú báàgì rẹ̀, ó jáde. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni kò fi gbé ìpè rẹ̀.

Àmọ́ ọkàn rẹ̀ ń dá a lẹ́bi. Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú kan, ó kúnlẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀, ó sì jẹ́wọ́ ohun gbogbo. "Bàbá, nínú àwa méjèèjì, èmi ọmọ yín lẹni tó fẹ́ ṣe fàyàwọ́. Òun ló kọ̀. Mo sì bínú sí i nítorí pé ó kọ̀."

Bàbá fà á dìde. "Ọjọ́ wo," ló bi í, "ni wọ́n ń sá eré yìí?"

Nínú oṣù kejì, tọmọ tòbí jọ dúró sẹ́bàá ọ̀nà ní Jọga-Orílé, Bàbá lábẹ́ agboòrùn, Títílọpẹ́ pẹ̀lú aago. Nígbà tó kan Fágbénró, ọkọ̀ aláwọ̀ ewé náà ta bí ọfà. Ẹnu Bàbá là sílẹ̀. Àmọ́ kó tó dé kọ́nà, iná bíréèkì tàn, ọkọ̀ náà rọra wọ̀ ọ́, ó rọra jáde, kó tó tún gbéra. Ọkọ̀ mọ́kànlá ló sá eré lọ́jọ́ náà. Òun ló gbẹ̀yìn.

Bàbá rìn lọ bá a nídìí ọkọ̀. "Kí ló dé tó o fi rọra níbẹ̀ yẹn?"

"Ẹ̀yìn ọkọ̀ yìí ò lè dúró ní kọ́nà, Bàbá. Ibi tí agbára rẹ̀ bá mọ, ibẹ̀ ni mo máa ń dúró."

"Ṣé ẹnì kan wà lójú ọ̀nà ni?"

"Kò sí ẹnikẹ́ni, sà."

"Kò sí ẹnikẹ́ni, o sì rọra." Bàbá pa agboòrùn rẹ̀ dé. Ó wo ojú ọ̀nà tó ṣófo náà. "Wọ́n ní bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Èmi sunkún Àpèkẹ́ títí n kò fi ríran mọ́. Dárí jì mí, ọmọ mi. Sọ fún àwọn ẹbí rẹ ní Ìlárá pé kí wọ́n máa bọ̀ wá tọrọ ìyàwó."

Fágbénró kò rántí bọ́ akoto. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ọ̀dà, akoto sì ró gbà mọ́lẹ̀. Títílọpẹ́ kúnlẹ̀ tì í, ó fi ọwọ́ lé e lẹ́yìn, ẹkún àti ẹ̀rín dàpọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu.

"Dárí ji èmi náà," ló sọ fún un kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Mo ti gbàgbé, ìyàwó mi."

"Ẹ dìde," ni Bàbá wí, ó sì na ọwọ́ kan sí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn. "Àna mi, dìde. Ilẹ̀ gbóná."

"Ẹ jẹ́ ó gbóná, Bàbá," ni Fágbénró dáhùn láti inú akoto. "N kò tíì dúpẹ́ tán."